Ológbò, Èkúté àti Àwa Ènìyàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé mi, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn kò lè ṣàì kọjá ní Mamu. Ìlú àgbẹ̀ ni Mamu, gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè tí ó wà ní agbègbè kan náà ti jẹ́. Kòkó àti obì ni iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wọn. Bí kòkó bá gbẹ tán, tí a dì í sínú àpò, tí a tò ó sí ìyàrá, tí àgbàdo wà lórí àjà, tí gàrí sì wà nínú agbọ̀n, kì í pẹ́ kí àlejò kan tí a kò pè tó dé bá wa nínú ilé. Èkúté ni àlejò náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn èkúté gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, bí kò ṣe ti ẹranko kékeré kan tí ó tẹ̀ lé e wọ ilé wa, tí a ń lò láìsan owó iṣẹ́ fún un, tí a ń fura sí, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa sì ń fi ìyà jẹ láìmọ ìdí. Ológbò ni mò ń wí, èyí tí àwọn àgbà tún ń pè ní ológìnní.

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé pé báwo ni ológbò ṣe dé ilé, wọn a máa dáhùn pé ọdẹ kan ni ó mú un láti inú igbó wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ìran ológbò káàkiri ayé, wọ́n sì rí i pé láti ara ológbò igbó kan tí ń gbé ní Àríwá Áfíríkà àti ní àwọn ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn tí ó súnmọ́ ọn ni gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí gbin ọkà, wọ́n sì ń kó o pamọ́ sínú àká. Ọkà pe èkúté, èkúté sì pe ológbò. Ẹnikẹ́ni kò dẹ pańpẹ́ fún un, ẹnikẹ́ni kò sì so ó mọ́ òpó. Ó rí oúnjẹ, ó dúró. Ènìyàn náà rí i pé èkúté ń dínkù, ó fi í sílẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ fi hàn pé wọ́n rí ibojì kan ní erékùṣù tí Bíbélì ń pè ní Kípírù. Ibojì náà tó nǹkan bí 9,500 ọdún. Ènìyàn kan ni a sin síbẹ̀, a sì gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a tẹ́ ológbò kan sínú rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ sí ìwà ológbò títí di òní. Ọ̀tọ̀ ni ajá. Ajá bá ènìyàn rìn gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ẹ̀yìn ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ rìn. Bí a bá pè é, a sáré wá, bí a bá nà án, a fi ìrù sábẹ́. Ológbò kò bá wa ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Alábàágbé ni, kì í ṣe ẹrú. Ẹni tí ó bá ń retí pé kí ó máa sìn ín bí ajá yóò máa bínú sí i lójoojúmọ́, ẹ̀bi náà kò sì ní jẹ́ ti ológbò.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, a tilẹ̀ gbé e ga ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ní òrìṣà obìnrin kan tí à ń pè ní Bastet, orí ológbò ni wọ́n fi ń yà á, ìlú Bubastis sì ni ojúbọ rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ wà. Herodotus, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì tí ó bẹ ilẹ̀ náà wò ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, sọ pé bí ológbò bá kú nínú ilé kan, gbogbo ará ilé náà a fá irun ojú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ ológbò ni a ń sìn ní ẹ̀bá àwọn ojúbọ náà kí a lè pa wọ́n ní kékeré, kí a fi aṣọ wé wọn, kí a sì tà wọ́n fún àwọn olùjọ́sìn. Ní 1890, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó irú òkú ológbò wọ̀nyí lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tí ó tó tọ́ọ̀nù 19, a lọ̀ wọ́n, a sì fi wọ́n ṣe ajílẹ̀ oko. Ibi tí ìyìn tí kò ní ìmọ̀ nínú ń já sí nìyẹn.

Ìbẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ nínú burú ju ìyìn bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1665, àjàkálẹ̀ àrùn kan wọ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní plague. Ó ń mú kí kókó ńlá wú sí abíyá àti ìpìlẹ̀ itan, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú a kú. Àwọn aláṣẹ rò pé ajá àti ológbò ni ó ń gbé àrùn náà láti ilé dé ilé, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a pa wọ́n. A pa wọ́n lọ́pọ̀ yanturu. Èkúté nìkan ni àṣẹ náà ṣe lóore. Ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí a tó mọ òtítọ́: ní 1894, oníṣègùn kan tí à ń pè ní Alexandre Yersin rí kòkòrò àìfojúrí tí ó fa àrùn náà ní Hong Kong, ní 1898, Paul-Louis Simond fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà pé ara èkúté ni ó ti ń wá, àti pé kòkòrò kékeré tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára èkúté, ni ó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Bí èkúté bá kú, kòkòrò náà a fi òkú rẹ̀ sílẹ̀, a wá ẹlòmíràn tí yóò mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní 1924, àrùn yìí kan náà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ilé fún mọ́ra, ààtàn pọ̀, oúnjẹ àti ọjà ń gba èbúté wọlé, èkúté sì ń jẹ, ó ń bí. Kò kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá títí di nǹkan bí 1931. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó pa, ó sì gba ojú ọ̀nà òwò kúrò ní Èkó wọ ìgbèríko, títí kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dìde sí i ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ ilẹ̀ wa, ẹni tí a fi ṣe igbákejì ọ̀gá ètò ìlera ìlú Èkó ní àkókò náà. Òun ni ó tún iṣẹ́ àbójútó èbúté ṣe, tí ó mú kí iṣẹ́ wolé-wolé lágbára, tí ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn àgbàlagbà tí mo bá láyé nígbà èwe mi ṣì ń bẹ̀rù wolé-wolé ju ọlọ́pàá lọ. A máa wo inú ìkòkò omi, a máa wo ẹ̀yìnkùlé, bí ó bá rí ìdọ̀tí, ẹjọ́ dé. A ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nínú orin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú Èkó rí ní 1924 kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé n kò sọ pé ológbò ni ó gba Èkó. Ìmọ́tótó ni ó gbà á. Ológbò náà lè kó plague bí ó bá jẹ èkúté tí ó ní in, ó sì lè ran ẹni tí ó ni ín. Àwọn onímọ̀ kan ní ìlú New York tẹ̀ jáde ní 2018 pé ní ibi ìkódọ̀tí kan tí wọ́n ti ń ṣọ́ èkúté ńlá àti ológbò, èkúté méjì péré ni àwọn ológbò rí pa ní ọjọ́ 79. Ohun tí àwọn èkúté ṣe ni pé wọ́n ń sá pamọ́. Àwọn ará oko wa ti mọ èyí tipẹ́. Eku kéékèèké ni ológbò ń fi ṣe ìjẹ. Kì í fi gbogbo ara bá òkété jà, bí ó bá sì pa asín, ó lè fi í sílẹ̀ láìjẹ nítorí òórùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá da ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó fi gàrí sílẹ̀ láìbò, tí ó wá ra ológbò kan láti tún un ṣe, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó ní 1969, ṣì ń pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa, ní Oǹdó tí ó bá wa pààlà pẹ̀lú, láti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tí ó kàn sí oúnjẹ. Ẹ bo oúnjẹ; ẹ má ṣe sá gàrí sí ẹ̀bá títì; lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wí pé ẹ fẹ́ ológbò.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò níhìn-ín. Ní 1981, nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré ní abúlé kòkó kan tí kò jìnnà sí Mamu, opó kan wà níbẹ̀ tí ó ní ológbò dúdú. Ní ọdún náà, èèyi pa ọmọ kékeré kan ní agboolé tí ó kángun sí tirẹ̀, àwọn kan sì wí pé òru ọjọ́ tí ọmọ náà kú ni ológbò opó náà ń ké bí ọmọ-ọwọ́ lórí òrùlé. Ọ̀rọ̀ yìí tàn dé ilé-ìwé wa. Bí a ti jáde ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ ológbò náà ní òkúta pa. Mo gbọ́ ariwo wọn, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò jáde. Mo ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, mo ti ka ìwé nípa ara ẹranko, síbẹ̀ nínú ọkàn mi mo ń wí pé, bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́?

Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé èmi ni àgbà, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé àjẹ́ ni?" N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá." Nígbà tí yóò fi di àkókò òjò tí ó tẹ̀ lé e, èkúté ti jẹ àgbàdo tí ó fi pamọ́ láti gbìn. Àwọn àgbà ti wí tẹ́lẹ̀ pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Mo yá a ní owó irúgbìn, ó sì dá a padà fún mi nígbà ìkórè, owó náà pé.

Ohun tí ó yẹ kí n sọ fún un, àti fún àwọn ọmọ náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín nísinsìnyí. Igbe tí ológbò ń ké lóru bí ọmọ-ọwọ́, igbe abo tí ń wá akọ ni, tàbí ti akọ méjì tí ń dá ààlà ilẹ̀ sí ara wọn. Ojú rẹ̀ tí ń tàn nínú òkùnkùn kò ní iná kan nínú. Awọ kan bíi dígí wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ó lè fi ìmọ́lẹ̀ kékeré ríran. Ojú màlúù àti ti ẹtu ń tàn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, gbogbo ọdẹ ni ó sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé a sọ màlúù ní òkúta nítorí rẹ̀. Bí ó bá já bọ́ láti òkè tí ó fi ẹsẹ̀ balẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rọ̀ àti etí inú rẹ̀ tí ń sọ fún un ibi tí ilẹ̀ wà ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í sì í bọ́ láìfarapa nígbà gbogbo. Irunmú rẹ̀ ni ó fi ń wọn ihò kí ó tó kó sí i, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún àwọn àbúrò yín kí wọ́n má ṣe máa gé e ṣeré. Bí ó bá gbé òkú eku wá síwájú yín ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe pè é ní àmì ibi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbé wá sí ilé.

Ológbò ní èdè tirẹ̀, a sì lè kọ́ ọ bí a bá ní sùúrù. Bí ó bá gbé ìrù sókè ṣánṣán tí ó ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn sí yín. Bí ó bá ń na ìrù gbá ilẹ̀, tí etí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá tún fi ọwọ́ kàn án nígbà náà kò gbọdọ̀ ráhùn bí èékánná bá họ ọ́. Ìró tí ń mì nínú ọ̀fun rẹ̀ bí ọlọ tí ń yí jẹ́jẹ́ jẹ́ àmì pé ara tù ú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn a máa ṣe é nígbà tí ara bá ń ro ó. Oorun rẹ̀ a máa ju wákàtí méjìlá lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ìrọ̀lẹ́ àti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, ẹ ó rí ọmọ ológbò tí a fi okùn so ní ọrùn mọ́ àpò ìrẹsì, tí ó ń ké láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí ó so ó rò pé òórùn rẹ̀ nìkan yóò lé èkúté. Ológbò tí a so kò lè dọdẹ, kò sì lè kọ́ ọ. Okùn náà a máa dá egbò sí i lọ́rùn, ìbẹ̀rù ènìyàn a sì wọ̀ ọ́ lára títí ayé. Èké kejì ni ti àwọn tí ń fi ebi pa á kí ó lè pa eku. Ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀; bí ó bá yó, yóò dẹ ọdẹ pẹ̀lú agbára, bí ebi bá ń pa á, ìkòkò ọbẹ̀ ìyá yín ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà yóò lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ẹja, orí ẹja, ẹran àti ìfun adìẹ tí a bọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀bà nìkan kò tó o, nítorí ẹran ni a dá a láti jẹ. Àlùbọ́sà léwu fún un. Wàrà tí ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ń yà sí iwájú rẹ̀ a máa ṣu àgbàlagbà ológbò. Omi tútù mímọ́ ni kí ẹ gbé kalẹ̀.

Ní ti ìkọ́ni, ẹ gbàgbé ẹgba. Ológbò kì í so ẹgba pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀. Ọwọ́ tí ó nà án nìkan ni ó ń rántí. Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ kúkúrú kan, kí ẹ máa pe orúkọ náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ fún un, láìpẹ́ yóò máa jẹ́ ẹ. Ẹ kó iyanrìn sínú páànù tí kò jìn, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀, ẹ gbé ọmọ ológbò náà lé e lẹ́yìn oúnjẹ. Níwọ̀n bí ó ti ń fẹ́ bo ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ẹ̀kọ́ ọjọ́ mélòó kan ni. Ẹ máa kó iyanrìn náà dànù lójoojúmọ́, kí ẹ fọ ọwọ́ yín, kí aboyún má sì ṣe kó o rárá, nítorí àrùn kan wà nínú ìgbẹ́ ológbò tí ó lè pa ọmọ inú lára. Bí ó bá ń họ ẹní, ẹ fún un ní igi gbígbẹ tí èèpo wà lára rẹ̀. Èékánná ni ó ń pọ́n. Bí ẹ kò bá fún un ní igi, ẹní náà ni yóò máa lò.

Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn ajá nìkan. Ológbò náà a máa kó o, ẹni tí ó bá sì ti hàn lára rẹ̀, ikú ni. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ọdún kan náà tí plague wọ Èkó, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ẹran wà ní yunifásítì Ìbàdàn àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọn yóò gún un fún un, tí wọ́n sì lè tẹ abo lọ́dàá kí ó má baà máa bímọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún sí ilé tí kò lè bọ́ wọn. Bí ológbò tàbí ajá bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de agbo.

Ó ku ọ̀rọ̀ oògùn èkúté. Èkúté tí ó bá jẹ májèlé kì í kú lójú kan náà; a máa rìn gbéregbère, ológbò a sì rí i mú kíákíá. Ọ̀pọ̀ ológbò ní oko kòkó ni ó kú báyìí, tí ẹni tí ó ni ín sì ń wí pé aládùúgbò ni ó fi ohun kan ṣe é. Ẹni tí ó bá ní ológbò, pańpẹ́ ni kí ó máa dẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ọmọ ológbò lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ dúró kí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń mú eku. Ẹ gbé e wá nínú apẹ̀rẹ̀ tí ó ní ìdérí, ẹ tì í mọ́ yàrá kan pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti iyanrìn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó mọ òórùn ilé, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ṣáájú oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.